Ó-Ku-Wákàtí-Kan àti Akọ̀wé Èbúté

Ọkọ̀ ojú omi kò ní ojú àánú. Bí àsìkò rẹ̀ bá tó, yóò fa àtẹ̀gùn rẹ̀ sókè, yóò kọ ẹ̀yìn sí èbúté, ẹni tó bá sì ń sáré bọ̀ lókèèrè, ó di kó máa juwọ́ sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èbúté ni ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ti ń parí. Ìfẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní èbúté náà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ó-Ku-Wákàtí-Kan. Awakọ̀ ni. Ọkọ̀ oníjókòó mẹ́wàá kan ló ní, aláwọ̀ ewé, ó sì máa ń mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa ń mú kiri: kí wọ́n rí òkè, kí wọ́n rí omi tó ń dà láti orí àpáta, kí wọ́n ra nǹkan díẹ̀, kí wọ́n sì padà kí ọkọ̀ wọn tó lọ. Àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá mẹ́rin aláwọ̀ búlúù wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fúnra wọn háyà. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó, ọkọ̀ á dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ìrìn tirẹ̀ ṣètò, tó bá awakọ̀ bíi Ó-Ku-Wákàtí-Kan lọ, ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Bó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, kó wá ọ̀nà bá ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté tó kàn.

Nítorí ìyẹn ni ọkùnrin yìí ò ṣe ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Kí ọkọ̀ tó dé rárá, á ti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù: ibi tí wọ́n máa dúró sí bí wọ́n bá jáde, àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, irú bàtà tó yẹ ẹsẹ̀ wọn, ibi mẹ́rin tí wọ́n máa dé àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa lò níbẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn kì í yí padà: “A ó padà dé nígbà tó bá ku wákàtí kan.” Bí èrò bá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, á mi orí, á ní kí wọ́n padà wá bí ọdún bá yí po. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀, lọ́dún tí ìyá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ aago, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè kọ́ ọ. Orí rẹ̀ le bí irin tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ohun tó bá sì dùn ún, ó lè gbé e sínú fún ọdún mẹ́wàá kí eruku má bà á.

Lọ́jọ́ kan, ó dé ẹnu ọ̀nà èbúté láàárọ̀, ó bá obìnrin kan tí kò rí rí nídìí fèrèsé. Yàrá kékeré ni. Tábìlì kan, àga kan àti pátákó dúdú kan ló wà níbẹ̀. Orí pátákó yìí ni akọ̀wé máa ń kọ orúkọ ọkọ̀ tó bá dé sí, àti aago tí àtẹ̀gùn rẹ̀ máa gòkè. Obìnrin náà ti kọ ti ọjọ́ yẹn tán, ó ń nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ etí síkẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà kí i, ó sì béèrè aago tí àtẹ̀gùn máa gòkè. Obìnrin náà ní ó wà lórí pátákó.

“Mo rí i,” ni ọkùnrin náà wí. “Aago márùn-ún. Ṣé tiwa ni àbí ti ọkọ̀?”

Akọ̀wé gbé ojú sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, awakọ̀ mẹ́rìndínlógún ló ti kọjá níwájú fèrèsé rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní kò yé òun. Ọkùnrin náà fara ti fèrèsé, ó ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ mìíràn bọ̀ lè gbé aago ilẹ̀ yẹn sínú wá, kó má yí i padà, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ló fẹ́ lò. Èyí tó pè ní márùn-ún lè jẹ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ọkọ̀ kan ló sọ fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó ti fèrèsé, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀ lọ béèrè. Nígbà tó dé, ó fa ìlà sí àárín pátákó, ó kọ aago méjì síbẹ̀: ti ilẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì funfun, ti ọkọ̀ pẹ̀lú aláwọ̀ yẹ́lò. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti di ìṣe rẹ̀. Bí aago méjèèjì bá bára mu, funfun nìkan lo máa rí.

Ó-Ku-Wákàtí-Kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí fèrèsé náà, àní lọ́jọ́ tí kò sí ọkọ̀ kankan. Obìnrin kan wà tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, Àǹtí Onítíì ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wo ọkùnrin náà títí, ó ní, “Ọkọ̀ wo lò ń retí lónìí? Àbí èyí tó wọ síkẹ́ẹ̀tì?”

Ọkùnrin náà ní tíì ni òun wá mu. Àǹtí ní tíì ti tutù láti wákàtí kan sẹ́yìn, kò sì tíì fẹnu kàn án.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Akọ̀wé ló wá ń bá a yẹ àwọn ìwé tó ń kọ sórí bébà wò kó tó fi wọ́n ránṣẹ́. Kò fi ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Bírò pupa ló máa ń mú, á tún ibi tó wọ́ ṣe, á dá a padà fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀, tó ní ó kọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún sójú ìwé kan ṣoṣo.

“Akọ̀wé,” ni ọkùnrin náà wí, “ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kò lè rí ẹwà òkè.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà délé, ó dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú òfìfo yàrá rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni obìnrin tó mọ̀wé tó báyìí máa fi ẹni tó jáde ní kíláàsì kẹrin ṣe. Dípò kó sùn, ó dìde, ó mú ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Lọ́jọ́ kejì, ó na ìwé náà sí i látojú fèrèsé, ó sì yáa kọjá lọ kó má baà rí i bó ṣe ń kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

“Èrò: ẹnì kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àìkú, kò sí ọkọ̀.
Aago mẹ́wàá: ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Bàtà pẹlẹbẹ.
Aago mọ́kànlá: orí òkè. Ogójì ìṣẹ́jú. Ìjókòó wà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá òsì.
Aago kan: ibi omi. Awakọ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kò mọ iye ìṣẹ́jú tó máa gbà.
A ó padà dé nígbà tó bá wù ọ́.”

Akọ̀wé kò fi bírò pupa kan ibì kankan lára rẹ̀. Ó ká a, ó fi sínú àpò, lọ́jọ́ Àìkú ó wọ bàtà pẹlẹbẹ.

Nígbà tí wọ́n dé ibi omi, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu awakọ̀. Ó ń wo àpáta bí ẹni tí wọ́n rán wá kà á. Akọ̀wé wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ o. Nígbà náà ni ọkùnrin náà sọ ọ́, láì ṣe ọ̀ṣọ́ kankan sí i, pé òun fẹ́ ẹ, òun sì fẹ́ kó jẹ́ ìyàwó òun. Obìnrin náà ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Wọ́n jókòó síbẹ̀ tí omi ń ta sí wọn lára. Ayọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi gbàgbé aago, ó wá ń béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè tipẹ́: ta ni àwọn ènìyàn rẹ̀, níbo ni kí òun lọ?

Akọ̀wé ní ọwọ́ ìyá àgbà ni òun ti dàgbà ní ìlú mìíràn, ọdún yìí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní èbúté kí wọ́n má baà máa rò pé pátákó òun ń ṣe ojúsàájú. “Bàbá mi ló ni bọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn.”

Ọwọ́ ọkùnrin náà tú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́ta ni wọ́n padà dé. Kò wu ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Yàrá Ó-Ku-Wákàtí-Kan wà lókè ilé kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Aago méjì ló so mọ́ ògiri. Nígbà tí Akọ̀wé wá bá a lọ́jọ́ kẹta, ojú obìnrin náà kò kúrò lára aago méjèèjì yẹn títí ọkùnrin náà fi sọ gbogbo rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni òun jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá òun, ẹni tó kọ́ òun ní iṣẹ́ yìí, tó gba òun sílé bí ọmọ. Ọ̀gá ka aago márùn-ún lórí pátákó, ó mú èrò mọ́kànlá jáde, ó sì padà dé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọkọ̀ ti wà láàárín omi. Aago ọkọ̀ ni wọ́n kọ sí pátákó. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú àwọn èrò náà tí oògùn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Kò wa ọkọ̀ mọ́ títí dòní. Bàtà ló ń tún ṣe ní òpópónà kan lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́.

“Kí ni ti bàbá mi nínú ẹ̀?”

“Ó mọ̀, aago ọkọ̀ ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Orí bẹ́ńṣì kan náà ni òun àti ọ̀gá mi ti jọ mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá mi ní aago márùn-ún ni, ààbọ̀ wákàtí ṣáájú ni òun máa dé. Bàbá rẹ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ki búrẹ́dì bọ tíì, ó dákẹ́. Ojú mi ló ṣe.”

Láti ọjọ́ náà, kò kí Bàbá Oníbọ́ọ̀sì mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pàdé, wọ́n á kọjá lára ara wọn bí ẹni ń kọjá lára ògiri. Àwọn kan ti bá a sọ ọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn,” ni Akọ̀wé wí. Ó rọra dìde, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkùnrin náà fi bá ara rẹ̀ jà. Bó bá wo aago, ojú obìnrin náà ló ń rí. Bó bá gbójú kúrò, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ló ń rí. Níkẹyìn ó lọ bá Àǹtí Onítíì, tó jẹ́ àbúrò Bàbá Oníbọ́ọ̀sì, ọmọ ìyá kan náà. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun látọjọ́ yìí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Àǹtí ní, “O ò bi mí. Tíì lo máa ń béèrè.” Ó ní kó dìde, òun á ṣe alárinà.

Àǹtí lọ, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ojú tó le. Ẹ̀gbọ́n òun ní òun kì í fọmọ fún ẹni tí ọkọ̀ lè sá lọ fi èrò rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkúùgbà. Irú ìyẹn, bí òní ṣe rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbà láti ta ọkọ̀ ewé yẹn, bọ́ọ̀sì karùn-ún ń bọ̀, kó wá wà á, kí òun mọ ibi tó wà lójúmọ́. Kó sì kọ́kọ́ wá fẹnu ara rẹ̀ kí òun, nítorí ọdún mọ́kànlá pọ̀ jù fún ọmọdé láti fi ti ẹnu pa sí àgbà.

“Ẹ sọ fún wọn pé mi ò lè wa bọ́ọ̀sì ẹni tó dákẹ́,” ni Ó-Ku-Wákàtí-Kan wí. “Kí wọ́n lọ bá ọ̀gá mi, kí wọ́n sọ pé àwọn mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni mo máa kí wọn.”

Àǹtí gbé kẹ́túlù rẹ̀ kalẹ̀. “Ṣé ìyàwó lò ń wá ni àbí ẹjọ́?”

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe ń lọ tó ń bọ̀ títí bàtà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, ọ̀rọ̀ kò kúrò lójú kan. Bàbá ní kò sí ohun tí òun mọ̀ lọ́jọ́ kankan. Ọkùnrin ní irọ́ ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Akọ̀wé pè é sí fèrèsé, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá má baà gbọ́.

“Ìwọ àti bàbá mi, aago yín ò bára mu, èmi wá ni pátákó tí ẹ̀yin méjèèjì ń kọ ọ́ sí lára. Mi ò ní kó o gbàgbé. Kíkí lásán ni mo ní kó o kí wọn. Ẹ káàárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni.”

Ọkùnrin náà ní ẹnu òun kò ní lè ṣe é. Akọ̀wé wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì fa fèrèsé dé níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ ńlá kan gúnlẹ̀. Akọ̀wé kò sùn; ojú rẹ̀ wú. Ó da ìwé tí wọ́n mú wá látinú ọkọ̀ kọ, aago márùn-ún, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì funfun. Kò rántí lọ sídìí ọkọ̀ lọ béèrè. Ó-Ku-Wákàtí-Kan dé, ó rí funfun nìkan lókèèrè, ó ní ó dáa, aago méjèèjì bára mu lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yà sí fèrèsé kó béèrè ìbéèrè rẹ̀ tó máa ń béèrè. Ìbínú dá a dúró. Ó kó èrò mẹ́jọ, ó lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n wà níbi omi. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré sí i. Orí àpáta tí òun àti Akọ̀wé jókòó sí ni tọkọtaya náà jókòó sí. Ó rò ó pé, bó bá lò ó, á ṣì kù díẹ̀ kó tó ku wákàtí kan. Ó gbà fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Fóònù rẹ̀ ti ń dún látìgbà díẹ̀. Akọ̀wé ni. Ó wò ó, ó jẹ́ kó dún kó dákẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ wọlé. Ó gbé e, nítorí oníṣòwò kì í fi nọ́ńbà tí kò mọ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ oníbàárà.

“Má pa á,” ni ohùn kan wí. “Oníbọ́ọ̀sì ni. Aago mẹ́rin ni àtẹ̀gùn máa gòkè. Ọmọ mi ṣèèṣì kọ márùn-ún.”

Ó-Ku-Wákàtí-Kan rẹ́rìn-ín kíkorò nínú ara rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe wá. Bí òun bá da àwọn ènìyàn yìí gìrìgìrì padà lásán, wọ́n á bínú, wọ́n á ba òun lórúkọ jẹ́ káàkiri ayé, bọ́ọ̀sì karùn-ún á sì rí awakọ̀. Ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni ń ta òkò: “Ṣé tiwa ni àbí ti ọkọ̀?”

“Mẹ́rin tiwa. Márùn-ún ti ọkọ̀. Ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú omi ló sọ fún mi báyìí.” Ohùn náà wá rẹlẹ̀. “Gbọ́ mi. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Lónìí mo mọ̀, mo sì ń sọ. Èyí tó kù, ọwọ́ rẹ ló wà.”

Awakọ̀ dúró gbọnin. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí gbólóhùn yẹn, kò sì rò pé etí omi ni yóò ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú èrò mẹ́jọ lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ tan èèyàn jẹ, kì í kọ́kọ́ bọ́ ara rẹ̀ sí ìhòòhò. Ó rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Akọ̀wé pè. Ó wo aago: mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ogójì ìṣẹ́jú ó lé márùn-ún ni ọ̀nà ibẹ̀ sí èbúté.

Ó súfèé. Ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀, òun ló jẹ̀bi, àlàyé ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá kan ṣì ti ẹsẹ̀ kan bọ omi. Awakọ̀ gbé bàtà ìyá náà lọ́wọ́, ó fà á lápá bí ẹni fa ìyá ara rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti pa dé. Kò sáré àsápajúdé. Ó wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ṣùgbọ́n kò tẹ bíréèkì níbi tí kò bá pọn dandan. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù, oríta tó wà ṣáájú èbúté, níbi tí ọkọ̀ máa ń há mọ́ra bí eyín ẹnu.

Nígbà tó dé ibẹ̀, ó bá a lófìfo. Bọ́ọ̀sì búlúù méjì ti fi ìdí dí ọ̀nà apá ọ̀tún àti apá òsì, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ń fọn fèrè kíkankíkan. Láàárín oríta, Bàbá Oníbọ́ọ̀sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé táyà òun ló jò, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀ràn burúkú. Ó rí ọkọ̀ ewé, ó fi ọwọ́ júwe pé kó kọjá.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù. Akọ̀wé dúró sídìí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú bí ẹni pé òun ló ń dá ọkọ̀ náà dúró. Àwọn mẹ́jọ gòkè níkọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù ló gòkè kẹ́yìn, ó sì fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká kó tó lọ. Àtẹ̀gùn gòkè tẹ̀lé e.

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ni Akọ̀wé wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Èmi ni mi ò béèrè.”

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn, ọwọ́ kan ọwọ́, nígbà tí Bàbá Oníbọ́ọ̀sì ń rìn bọ̀ pẹ̀lú òógùn lójú. Ó-Ku-Wákàtí-Kan kọjú sí i. Àǹtí Onítíì, tó wà lókèèrè, gbé ife kan dání, kò rántí fi tíì sí i.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Mo gbọ́ ọ. Ṣé ó wá tán?”

“Ó ku díẹ̀, sà.”

“Kí ló kù?”

“Ọ̀gá mi.”

Bàbá wo bàtà ara rẹ̀ títí, ó yí padà lọ tú oríta sílẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Àǹtí mú iṣẹ́ wá pé ẹ̀gbọ́n òun ti gbà, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ta ọkọ̀ kankan. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa Ọ̀gá. Ọkùnrin náà lọ kí Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì nídìí bàtà rẹ̀, kó mú ìwé ìpè fún un, ara ń yá Ọ̀gá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì tú ohunkóhun sílẹ̀. Awakọ̀ bi Akọ̀wé pé kí ni kí òun ṣe.

“Mi ò ní bẹ̀ ọ́ mọ́,” ni obìnrin náà wí. “Ohun tó o gbé, ìwọ lo mọ bó ṣe wúwo tó. Mo ṣáà ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Tiwa.”

Ó ronú lé e títí. Kò lè sọ pé òun ti dárí jì tán, nítorí òun kì í purọ́. Ó kàn pinnu pé òun á gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, bí ẹni gbé agboorùn sílẹ̀. Bó bá jáde, tó ṣì wà níbẹ̀, kó tún gbé e.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aago mẹ́sàn-án géérégé ló dé gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ó rò pé òun ni òun máa ṣílẹ̀kùn. Gbọ̀ngàn náà ṣófo lóòótọ́, àga tò lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n lórí bẹ́ńṣì iwájú, ẹni méjì ti jókòó. Ìkan ni Bàbá Oníbọ́ọ̀sì. Ìkejì ni Ọ̀gá, tó wọ ẹ̀wù tó funfun báláú, flásíìkì tíì kan wà láàárín wọn.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Wo àna rẹ yìí dáadáa,” ni ó wí. “Bàtà méje ló kó wá fún mi, ọ̀sẹ̀ méje gbáko, kó tó lè la ẹnu. Mẹ́ta nínú wọn, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo ń gba bàtà, mò ń wò ó, mo ní ẹ jẹ́ kó kó gbogbo bàtà ilé rẹ̀ wá tán, ọ̀rọ̀ á jáde ni.”

Bàbá Oníbọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. “Ìkeje ni mo sọ ọ́,” ni ó wí. “Ó ní òun mọ̀ tipẹ́. Ó tún gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Mo ṣiṣẹ́ ni,” ni Ọ̀gá wí.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àwọn àgbà méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dúró níwájú wọn pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn, ó ń wá ohun tó gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Ọ̀gá sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ lu àlàfo tó wà láàárín òun àti Bàbá Oníbọ́ọ̀sì. “Jókòó,” ni ó wí. “Ó ku wákàtí kan.”

Ó jókòó. Wọ́n bu tíì fún un. Nígbà tí Akọ̀wé dé pẹ̀lú Àǹtí rẹ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bẹ́ńṣì kan, ó bi ọkọ rẹ̀ pé aago mélòó ló lù. Ó ní òun ò mọ̀.